Àbẹ́là Òpó Onípele: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń da àbẹ́là ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ni ẹni mẹ́wàá sì ń bi mí lọ́nà mẹ́wàá. Mo ti kó wọn jọ síbí. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó ka gbogbo rẹ̀ kó tó tan iná. Ẹni tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lè lọ tààrà sí ibi tó ń dà á láàmú.

Kí ni àbẹ́là òpó onípele gan-an?

Àbẹ́là òpó ni àbẹ́là tó nípọn, tó ń dá dúró lórí àwo láìsí ife tàbí agolo tó gbá a mú. Onípele ni èyí tí a da ìda rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ kan lé orí òmíràn, bí ìlà ara aṣọ òkè.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni oníṣákiṣàki, èyí tí ojú rẹ̀ kì í dán. Ara rẹ̀ máa ń funfun níbì kan, kó ní ìlà wínníwínní níbòmíràn, bí ẹsẹ̀ tí a kò fi òróró pa lásìkò ọyẹ́. A mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní bí a ti ń ṣe é.

Ṣé ó yàtọ̀ sí àbẹ́là tí à ń tàn nígbà tí iná bá lọ?

Paraffin, ìyẹn ìda funfun tí wọ́n ń rí láti inú epo rọ̀bì, ni àwọn méjèèjì sábà máa ń jẹ́. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú sísanra àti òwú. Àbẹ́là tín-ín-rín á jó tán láàárín wákàtí díẹ̀. Òpó tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta lè bá ilé gbé fún ọ̀pọ̀ alẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ má fi wé ti pákẹ́ẹ̀tì.

Ìda wo ni kí n rà?

Paraffin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń yọ́ láàárín 58°C sí 62°C ló yẹ òpó. Èyí tó ń yọ́ nísàlẹ̀ 55°C rọ̀ jù, inú ife ló dára fún. Tí ẹ bá fi ṣe òpó, tí ẹ wá gbé e sítòsí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀, á tẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìwọ̀n ooru tó fi ń yọ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi èékánná tẹ ìda náà. Ìda òpó máa ń le, èékánná kì í rì sínú rẹ̀ bọ̀rọ̀, tí ẹ bá sì ṣẹ́ etí rẹ̀, á dún kó.

Stearic acid ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ àti ìpara ló sábà máa ń tà á. Ó ń mú ìda le, ó ń jẹ́ kó sún kúrò lára mọ́ọ̀dù (ohun tí a ń da ìda sí kó lè dì), ó sì ń gbé àwọ̀ yọ. Ẹni tó fẹ́ ojú dídán lè fi 100 gíráàmù sínú kìlò ìda kan. Fún oníṣákiṣàki, 50 gíráàmù ti tó. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ojú àbẹ́là á dọ́gba, funfun-funfun tí a ń wá kò ní jáde.

Ṣé mo lè yọ́ àbẹ́là funfun inú pákẹ́ẹ̀tì?

Ẹ lè ṣe é, ọ̀nà tó dára láti fi kọ́ ọwọ́ sì ni. Ẹ kán àbẹ́là náà sí wẹ́wẹ́, ẹ yọ́ ọ, ẹ fi ṣíbí kó òwú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ìda náà kí ìdọ̀tí má baà kù sínú rẹ̀. Àṣẹ́kù àbẹ́là tí a ti tàn náà wúlò, tí ẹ bá ti gé ibi dúdú kúrò.

Òwú inú wọn ni kí ẹ má ṣe tún lò. Àbẹ́là tín-ín-rín ni wọ́n ṣe é fún. Nínú òpó, á kàn gbẹ́ ihò sáàárín ni, ìda á sì rì í.

Ìda oyin ńkọ́? Òrí ńkọ́?

Kí paraffin tó dé, ìda oyin ni à ń pè ní ìda. Ó dára, òórùn rẹ̀ sì dùn láìfi ohunkóhun sí i. 62°C sí 64°C ló ń yọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù, ó sì ń fẹ́ òwú tó nípọn ju ti paraffin lọ. Tí ẹ bá rí i rà lọ́wọ́ àwọn olóyin, ẹ pò ó mọ́ paraffin kí ẹ tó pín ìda sí ìpele. Ẹ má ṣe fi ìda oyin nìkan ṣe ìpele kan, kí ẹ fi paraffin nìkan ṣe èkejì. Wọn kì í sún kì bákan náà tí wọ́n bá ń tutù, wọ́n á ya ara wọn.

Òrí, àdín àti epo pupa kò ṣeé fi ṣe òpó. Wọ́n rọ̀ jù.

Kí ni mo nílò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìkòkò ńlá kan, àti jọ́ọ̀gì onírin tó ní imú tó lè jókòó sínú rẹ̀. Tẹmọ́mítà. Síkéèlì tó ń wọn gíráàmù. Mọ́ọ̀dù. Òwú. Igi tí wọ́n fi ń gún súyà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé, láti fi dí ihò ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀dù. Ìwé ìròyìn àtijọ́ láti tẹ́ sílẹ̀.

Jọ́ọ̀gì tàbí ìkòkò tó bá ti gba ìda kò gbọdọ̀ padà sídìí oúnjẹ mọ́. Ẹ kọ nǹkan sí i lára kí ọmọ ilé má baà gbé e se ẹ̀wà.

Kí ni mo lè lò bíi mọ́ọ̀dù?

Ohunkóhun tí kò ní yọ́, tí kò ní jò, tí ẹnu rẹ̀ kò sì kéré ju inú rẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, páálí júùsì lítà kan ni mo máa ń dárúkọ. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi téèpù wé e káàkiri kí ìda má baà tì í síta. Tó bá ti dì, ẹ ya páálí náà dànù. Àbẹ́là olórígun mẹ́rin ni yóò jáde níbẹ̀, ó sì lẹ́wà.

Páìpù PVC tí àwọn plọ́ńbà ń lò, èyí tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta, ni èmi ń lò jù. Mo ní kí wọ́n gé e ní sẹ̀ǹtímítà 18, mo wá fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Tí mo bá fẹ́ dà á, mo á fi téèpù lẹ ojú ibi tí mo là, mo á sì fi okùn dè é pinpin. Tí ìda bá dì, mo tú okùn, mo ya páìpù náà díẹ̀, àbẹ́là á sì yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Pátákó pẹlẹbẹ tí mo lu ihò òwú sí láàárín ló ń dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pọ́tì yí etí rẹ̀ ká. Ẹ ṣọ́ra o: PVC máa ń rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 80°C. Ìda tó bá ju 70°C lọ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Agolo tí ara rẹ̀ ní ìlà gbágungbàgun, tàbí tí etí rẹ̀ ká sínú, ẹ fi sílẹ̀. Àbẹ́là kò ní jáde níbẹ̀ láìfọ́. Àwọn kan sì ti béèrè bóyá àwọn lè lo ìkòkò amọ̀ Ìsàn. Ìkòkò Ìsàn lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ ń mu ìda, yóò sì gbá a mú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwo tí àbẹ́là máa jókòó lé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye ìda tí mo máa yọ́?

Ẹ bu omi sínú mọ́ọ̀dù dé ibi tí ẹ fẹ́ kí àbẹ́là ga dé, kí ẹ sì wọn omi náà lórí síkéèlì. Ìda fúyẹ́ ju omi lọ: ibi tí omi bá gba 1,000 gíráàmù, ìda bíi 900 gíráàmù ló máa gbà. Nítorí náà, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n omi ni ìda yín. Páìpù ínṣì mẹ́ta tí a dà ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń gba omi bíi 680 gíráàmù, ìyẹn ìda bíi 610 gíráàmù. Ẹ fi 60 lé e fún àfikún tí a máa dà lẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ páìpù, ẹ wọn omi rẹ̀ kí ẹ tó là á. Tí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n tán, ẹ nu mọ́ọ̀dù gbẹ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá kù nínú rẹ̀ á ṣe ihò sí àbẹ́là lára.

Ṣé dandan ni tẹmọ́mítà?

Dandan ni. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìda 65°C àti ìda 85°C, ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Èyí tí wọ́n fi ń wo ibà kò lè ṣe é. Kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, á bàjẹ́ ni. Ẹ ra èyí tí àwọn tó ń ṣe súwíìtì àti kéèkì ń lò.

Báwo ni mo ṣe máa yọ́ ìda tí kò fi ní dá iná sílé?

Ẹ má gbé ìda lé iná ní tààrà láé. Ẹ bu omi sínú ìkòkò ńlá, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí ọmọrí kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé jọ́ọ̀gì ìda lé e lórí, bí ìgbà tí a bá ń se mọ́ínmọ́ín. Omi tó ń hó kì í kọjá 100°C, nítorí náà ìda inú rẹ̀ náà kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bu omi sí i tó bá ń gbẹ.

Ewu ìda ni pé kì í hó kó tó gbiná. Omi á pariwo fún ẹ. Ìda á dákẹ́ ni. Tó bá ti gbóná kọjá 200°C, oru tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná lójijì lára iná ìdáná. Nítorí ìdí èyí, ẹni tó ń yọ́ ìda kì í kúrò nídìí rẹ̀, ì báà ṣe àlejò ló ń kan ilẹ̀kùn. Mo ti ṣe é rí, mo lọ gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí mo fi dé, omi ti gbẹ tán nínú ìkòkò, ìda sì ti ń rú èéfín. Díẹ̀ ló kù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pa gáàsì kí n tó dìde.

Tó bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí bo jọ́ọ̀gì tàbí kí ẹ da yanrìn gbígbẹ lé e, ẹ má sì gbé e rìn. Ẹ má da omi sí i. Omi á di oru lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n ìda oníná ká gbogbo ilé. Tí ìda gbígbóná bá ta sí yín lára, ẹ fi ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ má sì fi tipátipá bó ìda tó lẹ̀ mọ́ awọ. Tó bá fẹ̀, tàbí tó kan ojú, ilé ìwòsàn ni.

Òwú wo ni kí n lò?

Òwú gidi tí wọ́n dì bí irun. Èyí tí wọ́n kàn lọ́ máa ń jó kíákíá jù, á sì máa ta. Òwú àtùpà pẹlẹbẹ, èyí tó ń fa kẹrosíìnì, kò yẹ àbẹ́là. Tí okùn kan kò bá dá yín lójú, ẹ ṣá ìṣáná sí ìdí rẹ̀. Òwú á jó di eérú. Náílọ́ọ̀nù á ká jọ, á sì di kókó dúdú.

Tí ẹ kò bá rí òwú àbẹ́là rà, ẹ di ẹ̀ka òwú funfun mẹ́ta pọ̀. Ẹ po ṣíbí ìjẹun iyọ̀ kan àti ṣíbí méjì borax (lúbúlúbú funfun kan tó jọ iyọ̀) sínú ife omi gbígbóná kan, ẹ rẹ òwú náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá. Á jó díẹ̀díẹ̀, eérú rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú ìda yíyọ́ títí tí ìfófòó kò fi ní jáde lára rẹ̀ mọ́, ẹ nà án tọ́ọ́rọ́, kó dì.

Bí àbẹ́là bá ṣe fẹ̀ tó ni òwú ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ẹ má tan ara yín: ẹ dà á wò pẹ̀lú òwú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tàn wọ́n fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ wo èyí tó yọ́ ìda dé sẹ̀ǹtímítà kan sí etí. Òun ni tiyín. Tí ẹ bá pààrọ̀ ìda tàbí fífẹ̀ mọ́ọ̀dù, ẹ tún un dán wò.

Ìpele wo ni mo máa kọ́kọ́ dà?

Èyí tó máa wà lókè. Orí ni àbẹ́là ń dúró lé nínú mọ́ọ̀dù: ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀dù, níbi tí òwú ti gba inú ihò kọjá, ni yóò di orí àbẹ́là tí ẹ bá yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé èyí, tí àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ á sì bọ́ sókè.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ìpele dọ́gba jù. Ọ̀kan tó nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan àárín méjì, ìyẹn máa ń wu ojú ju mẹ́ta tó rí bákan náà lọ.

Ìgbà wo gan-an ni kí n da ìpele kejì?

Ibí ni iṣẹ́ wà, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré. Ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ le tó láti gbé èkejì, kó sì gbóná tó láti gbà á mọ́ra. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá rí bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì nínú ewé, tó ń tẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lẹ̀ mọ́ ìka, tó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àsìkò ti tó. Lójú tẹmọ́mítà, á wà ní nǹkan bíi 45°C sí 50°C. Ìpele 200 gíráàmù nínú páìpù ínṣì mẹ́ta máa ń gba ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìka ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe aago.

Tí ẹ bá tètè dà á jù, ìda tuntun á lu ìpele ìsàlẹ̀ ya, àwọ̀ méjèèjì á sì dàrú. Tí ẹ bá pẹ́ jù, aburú rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ náà. Ní Ìkọ̀gòsì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù máa ń pàdé, wọ́n á sì jọ ṣàn lọ bí ọ̀kan. Ìda kò rí bẹ́ẹ̀. Ìda gbígbóná tó bá bá èyí tó ti tutù tán á kàn jókòó lé e lórí ni. Ẹ ó rò pé wọ́n ti di ọ̀kan, àfi ìgbà tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, tó sì pín sí méjì gẹ́lẹ́ lójú ìlà.

Mo máa ń da ìpele kejì ní 70°C, kó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, kó lè yọ́ ojú èyí tó bá nísàlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ dà á lé ẹ̀yìn ṣíbí, kó rọra tàn ká. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ́ ojú kan.

Tí ìdíwọ́ bá dé, tí ìpele náà sì ti tutù, ẹ má bínú sọ ọ́ nù. Ẹ fi orí igi súyà ha ojú rẹ̀ wúruwùru, ẹ gbé mọ́ọ̀dù sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná láìjẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀, títí ojú ìda á fi tún rọ̀ bí ẹ̀kọ, kí ẹ tó da èyí tó kàn.

Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe ń di ṣákiṣàki?

Ìda tí kò gbóná jù, nínú mọ́ọ̀dù tó tutù. Fún ojú dídán, nǹkan bíi 80°C sí 85°C ni wọ́n ń da paraffin sínú mọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́. Tiwa lódì sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìda wálẹ̀ dé 65°C, nígbà tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn létí jọ́ọ̀gì. Bó bá ti kan ara mọ́ọ̀dù, á dì lójijì, ìdìlójijì yẹn ló ń fa ìlà àti funfun-funfun. Ẹ má gbá mọ́ọ̀dù, ẹ má mì í.

Ìpele kejì tí a dà ní 70°C kò ní ṣákiṣàki tó ti àkọ́kọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó tún ṣákiṣàki sí i, ẹ fi kànrìnkàn onírin nu ara àbẹ́là fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má nu ojú ìlà tí ìpele méjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà.

Kí ni kí n fi pa á láró?

Àwọ̀ tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là, èyí tó ń yọ́ nínú epo. Àwọ̀ oúnjẹ olómi kò bá ìda lò, á kóra jọ sísàlẹ̀ bí ẹ̀kán òjò lórí ewé kókò. Ìda aláwọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń kùn ìwé náà ń dí òwú. Díẹ̀ rẹ̀ nínú ìpele kan lè kọjá, ṣùgbọ́n èmi kì í lò ó.

Wọ́n ti bi mí nípa osùn, aró àti ewé tíìkì. Mo mọyì wọn lára aṣọ àti lára igi, ṣùgbọ́n lúbúlúbú wọn kì í yọ́ nínú ìda. Á rì, á sì dí òwú, iná á máa kú. Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) nìkan ló ń ṣe díẹ̀: ẹ fi lúbúlúbú rẹ̀ sínú ìda yíyọ́ fún wákàtí kan, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa, á fún yín ní àwọ̀ yẹ́lò. Oòrùn máa ń pa á, nítorí náà ẹ má gbé e sójú fèrèsé.

Ṣé mo lè fi òórùn dídùn sí i?

Ẹ lè fi 30 gíráàmù òróró òórùn, èyí tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là, sínú kìlò kan. Tó bá ti kọjá 60, ìda á máa làágùn, á sì rọ̀. Lọ́fínńdà tí à ń fín sí ara kò ṣeé lò, ọtí líle ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń gbiná.

Kí ló dé tí ihò fi wà láàárín àbẹ́là mi?

Ìda máa ń sún kì bó bá ń tutù, etí rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ dì, nítorí náà àárín ni àlàfo á wà. Nínú ìpele tó wà nísàlẹ̀, ìda tó kàn á dí kòtò náà fúnra rẹ̀. Ìpele ìkẹyìn ni kí ẹ mójú tó: bí ojú rẹ̀ bá ti ń dì, ẹ fi igi súyà gún ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ òwú, kí ẹ sì máa tún un gún títí yóò fi le. Ẹ wá da àfikún ìda sí i. Kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ìda dé tẹ́lẹ̀. Tó bá kọjá, á ṣàn sáàárín mọ́ọ̀dù àti àbẹ́là, àbẹ́là á sì há.

Àbẹ́là há sínú mọ́ọ̀dù. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ fún un ní àkókò ná. Òpó ínṣì mẹ́ta yẹ kó sùn mọ́jú. Tí kò bá jáde láàárọ̀, ẹ gbé e sínú fírísà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìda tó tutù lójijì fún ìgbà pípẹ́ máa ń sán wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ má fi ọ̀bẹ tú u.

Ṣé ọyẹ́ máa ń pa iṣẹ́ yìí lára?

Ó ń yí i padà. Ní àárọ̀ ọyẹ́, pàápàá lọ́wọ́ òkè bí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìda á dì kíá, ṣákiṣàki á jáde dáadáa, ṣùgbọ́n àsìkò ìpele kejì á kúrú. Mo máa ń fi aṣọ ìnura wé mọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí mo bá ti da ìpele kọ̀ọ̀kan. Lásìkò ooru oṣù kejì sí oṣù kẹta, òdìkejì ni: ẹ dà á ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe ìpele tó dagun?

Ẹ bu yanrìn sínú bàkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé mọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ kó dagun bó ṣe wù yín, kí ẹ dà á, kó sì wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé ìwọ̀n ẹ̀kọ. Ẹ wá yí mọ́ọ̀dù kó dagun sí apá kejì fún ìpele tó kàn. Ìpele ìkẹyìn ni kí ó wà lóòró, kí ìdí àbẹ́là lè dọ́gba. Ẹ di òwú mọ́ igi súyà lókè kó má bàa sún kúrò láàárín.

Ó ń jó ihò sáàárín, tàbí ó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ó ń rú èéfín. Kí ló fà á?

Tó bá ń jó ihò, òwú kéré jù, tàbí ẹni tó tàn án tètè ń pa á. Wákàtí kan fún ínṣì fífẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Òpó ínṣì mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta. Tó bá ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìda ń ṣàn, òwú nípọn jù, tàbí atẹ́gùn ń fẹ́ iná sí apá kan. Èéfín dúdú ń sọ fún yín pé òwú ti gùn jù: ẹ gé e sí mílímítà mẹ́fà kí ẹ tó ṣáná sí i, nígbàkúùgbà.

Tí ìpele kan bá ń jó dáadáa tí èkejì sì ń fẹ́ kú, ẹ wo àwọ̀ wọn. Ìpele tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ló sábà máa ń dí òwú.

Ṣé mo lè fi ewé gbígbẹ, òdòdó tàbí okùn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?

Sí ara lóde, bẹ́ẹ̀ ni, kó jìnnà sí òwú, lára òpó tó fẹ̀ nìkan. Sínú tàbí sórí, rárá. Ewé tó bá bọ́ sínú ìda yíyọ́ á di òwú kejì, iná méjì ló máa jó. Okùn tí ẹ fi wé e lára, ẹ tú u kí ẹ tó tàn án, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá rà á.

Níbo ni kí n da ìda tó ṣẹ́kù sí?

Kì í ṣe inú sínkì tàbí gọ́tà. Á dì síbẹ̀, omi kò ní kọjá mọ́. Ẹ dà á sínú páálí, kó dì, ọjọ́ mìíràn á wúlò. Ẹ fi ìwé nu jọ́ọ̀gì nígbà tó ṣì gbóná.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo ṣe é, àwọ̀ pupa ti wọ inú funfun. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Àwọ̀ tó yọ́ nínú ìda máa ń rìn díẹ̀díẹ̀, kódà nínú àbẹ́là tó ti dì, láti ibi tó pọ̀ lọ síbi tí kò sí. Pupa àti dúdú ló ń rìn jù lójú tèmi. Ẹ lè dín in kù: ẹ fi àwọ̀ tó súnmọ́ra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò, kí ìrìn rẹ̀ má baà hàn, ẹ dín àwọ̀ kù nínú ìpele pupa, ẹ fi ìwé wé e, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù. Àwọ̀ lúbúlúbú tí kì í yọ́ kò ní rìn, ṣùgbọ́n a ti sọ ohun tó ń ṣe sí òwú.

Èyí tí ẹ fẹ́ tà nígbà Kérésìmesì, ẹ dà á ní oṣù kọkànlá. Èyí tí mo dà ní oṣù kẹjọ nígbà kan, pupa àti funfun, ti di pupa rẹ́súrẹ́sú kí oṣù kejìlá tó wọlé, mo sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ yọ́.